Ilé Kan Tó Ń Jẹ́ Apaindegia

Òórùn ẹja yíyan ló jí mi. Ó ń gba ojú fèrèsé wọlé pẹ̀lú èéfín èédú àti atẹ́gùn òkun tó ń fi iyọ̀ kan ètè mi. Kí n tó lajú dáadáa, mo ti rò pé ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà mi ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, ni mo wà, torí kò sí ẹni tó ń yan ẹja níta ní Langley Park tí à ń gbé ní Maryland, l'Amẹ́ríkà. Òórùn tiwa níbẹ̀ ni ti pùpúsà, àkàrà àgbàdo tí àwọn ará El Salvador ń dín lẹ́bàá títì, ti ọṣẹ tó ń tú jáde láti yàrá ìfọṣọ nísàlẹ̀ ilé, àti ti oògùn apakòkòrò tó máa ń bá Màmá mi ti ọsibítù wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọjú wo ìta, òkun ni mo rí, ó tẹ́ lọ rẹrẹ, àti ọkùnrin kan tó dúró ti ààrò irin lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ, tó ń yí ẹja ńlá kan padà. Ìlú náà ń jẹ́ Getaria, ní etíkun àwọn Básíkì, lápá àríwá ilẹ̀ Sípéènì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà.

Oòrùn ti ga. Mo fò dìde, mo ní a ti pẹ́. Màmá mi ò tilẹ̀ gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí.

"Ta ló ń lé wa?" ni wọ́n wí.

Ẹ ní láti mọ Màmá mi kí ẹ tó mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe wúwo tó. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ní Prince George's County níbí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò rí wọn rí kí wọ́n jókòó jẹun tán. Ìdúró ni wọ́n fi ń jẹ ẹ̀bà, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò á ti wà lọ́wọ́ òsì, wọ́n á máa wo aago ara ògiri bí ẹni pé ó fẹ́ ṣẹ́jú sí wọn. Bí wọ́n bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé, wọ́n á wà mí lọ síléèwé, wọ́n á sùn díẹ̀, wọ́n á tún múra. Etíkun yẹn nìkan ni mo ti rí i kí oòrùn bá wọn lórí ibùsùn, kí wọ́n sì jẹ́ kó dúró tì wọ́n.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nínú àwọn apátímẹ́ǹtì Langley Park, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá pàdé báyìí, ẹ̀yin onílé ńlá, ẹ̀yin oníṣẹ́ ìjọba, orin kan náà lẹ máa ń kọ: pé àwọn òbí wa ò kọ́ wa ní Yorùbá. Mo ti gbọ́ ọ tó. Màmá tèmi kọ́ mi. Ẹnì kan ló gba èdè náà lọ́wọ́ wọn. Mo mọ ẹni tó gbà á, mo mọ yàrá tó ti gbà á, mo mọ aṣọ tó wà lọ́rùn Màmá mi lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí tíṣà mi. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n pè é ní "wọ́n", àgbà ni. "Ó" ni màá lò, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí mo ti Ìbàdàn dé. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì rẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó rò pé mo ṣubú ni. Ó gbé mi dìde, ó yẹ orúnkún mi wò, ó ní kí wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kejì mo tún kúnlẹ̀, wọ́n tún mú mi lọ. Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì iléèwé fi mọ orúkọ mi ju tíṣà lọ. Mojísọ́lá, kí ló le níbẹ̀? Ó gé e kúrú sí Ẹ́ḿ-Jéè, ó ní ó rọrùn fún gbogbo wa. Ta ni gbogbo wa? Tó bá ń bá mi wí, mo máa ń wolẹ̀, torí nílé tiwa ọmọ tó bá ranjú mọ́ àgbà tó ń bá a wí ti fẹ́ jẹ nínà. Ohun tó sọ ni pé n kì í fetí sílẹ̀, pé ó dà bíi pé nǹkan ń ṣe mí.

Iléèwé ránṣẹ́ pe Màmá mi. Wọ́n ti ibi iṣẹ́ alẹ́ wá tààrà, aṣọ nọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé ṣì wà lọ́rùn wọn. Obìnrin kan tó ń mójú tó àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń ṣòro fún jókòó ti tíṣà mi. Ohùn obìnrin náà rọ̀, ó dùn, ìyẹn gan-an ló mú kó burú. Ó ní èdè méjì ló ń jà nínú orí mi, àti pé kí ọ̀kan tó lè ráyè wọlé, èkejì gbọ́dọ̀ jáde. Ó ní kí Màmá mi má sọ Yorùbá sí mi mọ́. Màmá mi tó máa ń bá dókítà jiyàn lórí oògùn aláìsàn, tí dókítà á sì gbà, "Yẹ́ẹ̀sì, mà" ni wọ́n sọ. Mo wà níbẹ̀. Bàtà wọn ni mò ń wò.

Èyí tó wá dùn mí jù kì í ṣe ti òyìnbó. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Màmá mi ro ẹjọ́ náà fún Díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Díákónì ní tiwọn, màá pè wọ́n ní "wọ́n", torí Màmá mi ló tọ́ mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Sísítà, òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Kí ni ọmọ yìí fẹ́ fi Yorùbá ṣe ní Amẹ́ríkà? Ṣé ó fẹ́ fi ra búrẹ́dì ni?" Gbogbo àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Màmá mi náà rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ènìyàn máa ń rín kí wọ́n lè tètè fi í sílẹ̀.

Ni ilé wa bá dákẹ́. Kì í ṣe pé a kì í sọ̀rọ̀. Òyìnbó tí Màmá mi ní, òyìnbó ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn ni. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á béèrè bóyá mo sùn dáadáa. Lálẹ́, wọ́n á béèrè bóyá mo jẹun tán, bóyá ibì kankan ń dùn mí. Ìgbà mìíràn mo máa ń retí pé wọ́n máa di ọwọ́ mi mú, kí wọ́n ka bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù. Ìyẹ̀yẹ́ tí a máa ń bá ara wa ṣe lọ, àlọ́ lọ. Oríkì mi lọ: Àjọkẹ́ ni wọ́n fi ń jí mi tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi òyìnbó ki ọmọ. Bí ìyá àgbà mi bá pè láti Ìbàdàn, mo máa ń dá wọn lóhùn bí mo ṣe ń dá tíṣà lóhùn. Lọ́jọ́ kan wọ́n bi Màmá mi lórí fóònù pé, "Ṣé Mojí ló ń sọ̀rọ̀ yìí, àbí ẹ tan rédíò?"

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ìsinmi Màmá mi tó, wọn ò lọ sílé. Ojú ń tì wọ́n. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ gbé rédíò lọ fún ìyá wọn? Nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, Miren, ọmọ Básíkì, tí èmi ń pè ní Àǹtí Miren, ló ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí etíkun wa. Kò sí iṣẹ́ kankan tí ẹ máa ṣe níbẹ̀." Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n bi Màmá mi pé ta ni wọ́n ní níbẹ̀. Màmá mi ní, "Òkun."

Ìlú ńlá Donostia la ti gbéra, nínú mọ́tò àtijọ́ kan tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n Àǹtí Miren, tó ń rùn bí ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ọ̀nà náà ń bá òkun rìn bí ẹni tó ń sin àlejò lọ sílé. Níbòmíràn omi á fò gun òkè ògiri, á ya lu gíláàsì, Màmá mi á pariwo, wọ́n á tún ní kí Àǹtí Miren dá mọ́tò dúró kó lè tún ya lù wá. Lápá kejì, òkè tútù yọ̀yọ̀, àgùntàn lókè, ọgbà àjàrà nísàlẹ̀. Ibi tó bá wù wá la ń dúró sí. Àǹtí Miren náà ti gbọ́ "Ta ló ń lé wa" mọ́ Màmá mi lẹ́nu. Ó jọ pé ìyẹn nìkan ni gbólóhùn Yorùbá tí obìnrin ilé ìwé yẹn kò rí gbà. Bí mọ́tò kan bá fọn fèrè lẹ́yìn wa, Àǹtí Miren á pa ohùn dà bíi ti Màmá mi: "Talonlewa!"

Mo ṣàkíyèsí pé lójú pátákó ọ̀nà, orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan wà ní èdè méjì, ẹnì kan á sì ti fi ọ̀dà dúdú pa ọ̀kan rẹ́. Mo bi Àǹtí Miren pé ta ló ba pátákó jẹ́. Wọ́n ní kò sí ẹni tó bà á jẹ́, wọ́n tún un ṣe ni. Orúkọ tí ìjọba fún ìlú ni wọ́n pa rẹ́, wọ́n fi èyí tí àwọn ará ìlú ń pè é sílẹ̀.

Ibi tí a ti ra búrẹ́dì, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí. Mo ti gbọ́ èdè Sípéènì díẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ tí a jọ ń ṣeré ní Langley Park, mo sì fi béèrè bóyá búrẹ́dì wà. Ìyá tó ń tà á rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ní, "Bai, bai." Ẹkún gbọ̀n mí. Ní kíláàsì mi, "báì-báì" náà ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á juwọ́ sí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, bí wọ́n bá ń mú mi jáde lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Mo sọ fún Màmá mi pé wọ́n ní ká máa lọ. Àǹtí Miren ló ṣàlàyé pé "bẹ́ẹ̀ ni" ni ìyá náà ń wí, lédè Básíkì. Búrẹ́dì wà. Èdè tí ìjọba kan ti fẹ́ pa rí, òun ni wọ́n fi tà á fún wa. Díákónì ò sí níbẹ̀ kí wọ́n gbọ́.

Zumaia la dé lẹ́yìn Getaria. Òkúta etí òkun níbẹ̀ tò léra pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí ewé ìwé tí ẹnì kan gbé dúró. Ìlú ń ṣọdún, gbogbo ilé àlejò ti kún. Àǹtí Miren gba apá kan lọ wá yàrá fún wa, èmi àti Màmá mi gba apá kejì. A rìn títí, kí Màmá mi tó dúró lójijì níwájú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kọ́tìnnì funfun wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n nàka sí òkè ilẹ̀kùn. Lẹ́tà ńláńlá ni wọ́n fi kọ ọ́: ILE APAINDEGIA.

"Ilé nìyí," ni wọ́n wí, ayọ̀ náà pọ̀ débi pé wọn ò mọ̀ pé Yorùbá làwọn sọ.

Ọmọ Ìbàdàn ni Màmá mi. N'Ìbàdàn, orúkọ agboolé ni wọ́n ń kọ sára ògiri: ilé lágbájá, ilé tàmẹ̀dò, láìfi àmì ohùn kankan sí i. Ẹni tó bá ti rí ILE lókè ilẹ̀kùn mọ̀ pé orúkọ bàbá tó ni ilé ló tẹ̀lé e. Lójú Màmá mi, baálé kan ni Apaindegia, bóyá ó ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló wá ń gba àlejò síbẹ̀.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn wọlé. "Ẹ kú ilé o." Ìyá àgbà kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ wá pàdé wa. Màmá mi pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, wọ́n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, wọ́n sì dijú, pé ibi tí a máa sùn là ń wá. Ìyá náà wo orí tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, wọ́n mi orí tiwọn, bai, bai, wọ́n mú Màmá mi lọ sórí àga kan, wọ́n rọra fa orí wọn sẹ́yìn sínú bẹ́sìnì, wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi. Màmá mi ò jà. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn gbà pé àṣà ilé náà ni, pé wọn kì í gba àlejò láìfọ orí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó kàn mí. Irun mi ò tíì rí ẹni dì í láti ìgbà tí a ti kúrò ní Maryland. Ìyá náà ki òòyà tín-ín-rín kan bọ̀ ọ́ láti ìdí, wọ́n sì fà á.

"Yéè! Ó ń dùn mí! Màmá mi, ẹ gbà mí!"

Màmá mi dìde lórí àga, omi ń kán sí wọn léjìká, wọ́n ń wò mí bí ẹni tí aláìsàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lajú. Bí mo ti ń sunkún ni Àǹtí Miren gba ojú gíláàsì rí wa. Wọ́n wọlé, wọ́n wo bẹ́sìnì, wọ́n wo òòyà, wọ́n wá di férémù ilẹ̀kùn mú kí ẹ̀rín má baà gbé wọn ṣubú. "Irun ni," ni wọ́n ń wí. "Ile, irun ni, lédè wa. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe irun lẹ wá sùn sí."

Nígbà tí ẹ̀rín tán, ìyá náà béèrè pé èdè wo ni mo fi ké. Màmá mi nu ojú wọn. "Fanákúlà wa ni," ni wọ́n dáhùn, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Àǹtí Miren ò mọ bí wọ́n ṣe máa túmọ̀ rẹ̀. Màmá mi ní orúkọ tí wọ́n ń pe èdè ilé níléèwé àwọn nìyẹn, tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ, ìyà ni. Ìyá náà gbé òòyà kalẹ̀. Wọ́n ní òrùka ni tiwọn. Tí ọmọ bá sọ Básíkì, tíṣà á fi òrùka sí i lọ́wọ́, òun náà á máa ṣọ́ ọmọ mìíràn tó máa sọ ọ́ kó lè gbé e fún un. Ẹni tí òrùka bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ ló ń jẹ ẹgba.

Ọwọ́ Màmá mi lọ sí ọrùn wọn. "Pátákó ni tiwa," ni wọ́n wí. "Ọrùn ni wọ́n ń gbé e kọ́. Ọmọ Ìbàdàn bíi tèmi ni tíṣà tó gbé e kọ́ mi."

Ìyá náà tún gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀, Àǹtí Miren sì túmọ̀ rẹ̀: ṣé ọmọ yìí náà gbọ́ èdè náà dáadáa? Mo wolẹ̀. Màmá mi gbé àgbọ̀n sókè.

"Ṣebí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀," ni wọ́n wí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, wọ́n sì bi mí ní ìbéèrè tí wọ́n ti ń fi òyìnbó bi mí lálaalẹ́ láti ọdún kan. "Àjọkẹ́, ṣé ó ṣì ń dùn ẹ́?"

"Kò dùn mí mọ́, mà."

Láti ọjọ́ náà títí dé Bermeo tí ìrìn àjò wa parí sí, wọn ò fi òyìnbó dá mi lóhùn mọ́. Tí mo bá fi òyìnbó béèrè omi, òkun ni wọ́n máa wò. Mo bínú sí wọn gan-an. Ní Lekeitio, erékùṣù kékeré kan wà tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé tí omi bá fà. A rìn lọ, bàtà wa lọ́wọ́, a jókòó síbẹ̀ jẹ búrẹ́dì. Mo rí i pé omi ti ń padà bọ̀. Mo ní ká dìde. Màmá mi nasẹ̀. "Ta ló ń lé wa?"

Mo wá ọ̀rọ̀ náà títí. "Omi ni, mà. Omi ló ń lé wa."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín, a sáré dé èbúté, wọn ò tíì rín in tán.

Nígbà tí a padà dé Amẹ́ríkà, Màmá mi wọ aṣọ aláwọ̀ ewé kan náà lọ síléèwé. Òyìnbó ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí nìyí: "Màá máa sọ Yorùbá sí ọmọ mi. Tí èdè méjì bá ń jà lórí rẹ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jà. Ẹ̀yin ẹ máa kọ́ ọ ní ìṣirò." Lọ́sẹ̀ yẹn náà, ìyá àgbà mi pè. Mo kí wọn kí wọn, mo béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Rédíò yìí ti gbọ́ Yorùbá."

Mo lọ sí yunifásítì, bí ọmọdé ṣe ń kọ́ èdè ni mo kọ́ níbẹ̀. Mo wá ọ̀rọ̀ tí obìnrin yẹn sọ fún Màmá mi nínú ìwé lọ, ìwé bọ̀. N ò rí i. Àwọn iléèwé àyíká wa ti ń lẹ ìwé mọ́ ògiri báyìí pé ọmọ elédè méjì, ẹ̀bùn ni. Ó dára. Kò sí ẹni tó pe Màmá mi láti sọ fún wọn pé àwọn ṣi wọ́n lọ́nà.

Lọ́dún tó kọjá, Díákónì dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn. Orí wọn ti funfun. Wọ́n ní àwọn ọmọ ọmọ àwọn ò gbọ́ Yorùbá rárá, ẹ̀mí àwọn sì ń lọ. Ṣé mo lè máa kọ́ wọn ní gbogbo Sátidé.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ bẹ Màmá mi ná, sà."

"Kí ni mo ṣe fún wọn?"

"Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì, sà."

Wọ́n ní mo ya aláfojúdi. Àwọn kan nínú yín sọ bẹ́ẹ̀ náà, mo gbọ́. N ò yẹ̀. Nígbà tó pẹ́, Díákónì wá sí ilé mi ní Beltsville, níbi tí Màmá mi ti ń gbé lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n jókòó, wọ́n tún táì ṣe, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òyìnbó bẹ̀bẹ̀.

"Díákónì," ni Màmá mi wí, "èdè wo nìyẹn?"

Wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Sísítà... ẹ... ohun tí mo sọ nígbà yẹn..." Wọn ò rí èyí tó kù. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi òyìnbó ronú.

Màmá mi ti àwo ẹ̀pà sún mọ́ wọn. "Ẹ máa wá a, sà. Ta ló ń lé wa?"

Wọ́n wá a. Wọ́n rí i. Ó pẹ́, ó sì pé.

Sátidé àkọ́kọ́, mo kọ ILE sójú bọ́ọ̀dù, láìfi àmì kankan sí i, mo ní kí àwọn ọmọ kà á. Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, Màmá mi tó jókòó lẹ́yìn kíláàsì ní, "Irun ni." Àwọn ọmọ ń wo ojú wa. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ Díákónì wolẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu. Mo mọ ọmọ yẹn. Mo ti jókòó rí ní Zumaia bó ṣe jókòó yẹn, títí irun mi fi kó sọ́wọ́ ẹni tó fà á. Ìgbà tí ó dùn mí ni mo tó rántí pé Yorùbá wà lẹ́nu mi. Èmi kì í dúró de òòyà mọ́ kí n tó sọ ọ́.